Orín, Búrọ́ọ̀ṣì Oníná, àti Ẹ̀tọ́ Ẹnu Lórí Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí ó dá ènìyàn ní ìdá tí ó dára, tí ó fún un ní ẹnu láti fi jẹun, ahọ́n láti fi sọ̀rọ̀, àti eyín tí í ṣe ẹwà ẹ̀rín rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa fífọ eyín ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú Òyìnbó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí ń lo iná mànàmáná ránṣẹ́ sílé, tí àwọn ilé ìtajà ńlá níhìn-ín náà sì ń tà á, ni àríyànjiyàn ti ń wáyé lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ eyín ara rẹ̀, pé bídíà ni ohun náà, àti pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ fọ eyín ti gbé Sunna Ànábì jù sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi orín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ará oko ni ó kù tí ń fi igi há ẹnu kiri, pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Nínú ilé kan tí a mọ̀, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ da tẹ̀gbọ́n tàbúrò rú. A óò mẹ́nu bà á níwájú.

Ìbéèrè tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà ju ti búrọ́ọ̀ṣì lọ. Òun náà nìyí: bí ẹ̀rọ bá bá ènìyàn ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀sìn fẹ́ kí ó ṣe, ṣé onítọ̀hún ni ó ṣe iṣẹ́ náà, àbí ẹ̀rọ ni? Bí àwọn ọmọ wa bá mọ ìdáhùn rẹ̀ nípa eyín, wọn yóò mọ̀ ọ́n nípa ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tí ayé òde òní ń gbé wá bá wọn.

ẸNU NÍ Ẹ̀TỌ́

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí á tó sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe.

Nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira, Ànábì wa (S.A.W.) fi yé wa pé bí kì í bá ṣe ti ìnira tí yóò kó bá ìjọ òun ni, òun ì bá sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún wọn láti máa run orín nígbà gbogbo ìrun. Aishat, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, ròyìn pé nígbà tí Ànábì bá wọlé, orín ni ó kọ́kọ́ máa ń run. Hudhaifa náà ròyìn pé bí ó bá dìde lóru, a máa fi orín fọ ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jùlọ ni ti ọjọ́ ikú rẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní àyà Aishat nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Abubakar wọlé pẹ̀lú orín lọ́wọ́. Ànábì tẹjú mọ́ orín náà. Aishat mọ ohun tí ó fẹ́, ó gbà á, ó fi eyín tirẹ̀ rọ̀ ọ́, ó sì fún un. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ẹnu mọ́, Ànábì fọ ẹnu rẹ̀ mọ́ kí ó tó pàdé Olúwa rẹ̀.

Kí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi tó báyìí? Ìdí mẹ́ta ni àwa rí.

Ìkíní ni ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun. Ẹnu yìí kan náà ni a fi ń ka Kùránì, òun ni a fi ń ṣe ìrántí Ọlọ́hun, òun ni a fi ń tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Rẹ̀. Ẹni tí yóò lọ sí ààfin ọba kì í wọ aṣọ ìdọ̀tí.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ ẹnìkejì wa. Nínú sàfú, èjìká kan èjìká. Ànábì sọ pé kí ẹni tí ó bá jẹ áyùú tàbí àlùbọ́sà tútù má ṣe sún mọ́ mọ́sáláṣí wa, nítorí òórùn rẹ̀. Bí ó bá rí báyìí fún oúnjẹ tí ó jẹ́ halali, mélòó-mélòó wá ni òórùn ẹnu tí a kò fọ̀ láti àná?

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ ara wa. Àmánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó sì ròyìn bí a ti ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìdọ̀tí tí ń lẹ̀ mọ́ eyín kún fún kòkòrò tí ojú kò lè rí. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò náà a máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di omi kíkan tí ń jẹ eyín, títí yóò fi di ihò, tí akokoro yóò sì dé. Bí ìdọ̀tí yìí bá pẹ́ ní ìdí eyín, ẹran ìdí eyín á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, egungun tí ó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, eyín á sì máa mì. Ọ̀pọ̀ àgbà tí eyín wọn re ní rèwerèwe, kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó re é, àìfọ̀ ni.

Bí ẹ bá kíyè sí i, nínú ẹ̀tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà yìí, kò sí èyí tí ó jẹ́ ti irinṣẹ́. Ẹnu ni ó ni ẹ̀tọ́. Igi kò ní ẹ̀tọ́, ẹ̀rọ kò sì ní.

ṢÉ IGI NI SUNNA, ÀBÍ ÌMỌ́TÓTÓ?

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń bínú sí búrọ́ọ̀ṣì oníná máa ń sọ pé orín ni Ànábì lò, kò lo ẹ̀rọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n pé, orín wo? Igi tí ó gbajúmọ̀ jùlọ fún orín ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni arák, igi ilẹ̀ gbígbẹ tí gbòǹgbò rẹ̀ ní okùn bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orín àtà, ayán, ìdí àti orógbó ni àwọn bàbá wa ń run. Orín àtà a máa ta ni lẹ́nu bí ata. Kò jọ arák rárá. Síbẹ̀, àwọn àfáà àgbà tí ó tan ẹ̀sìn ká ilẹ̀ yìí ń fi àtà àti ayán fọ ẹnu kí wọ́n tó kírun, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n ti gbé Sunna jù sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irú igi kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó sún mọ́ wa ju èyí lọ. Gbogbo ọmọ kéú tí ó bá ti dé orí Risalat mọ ìwé náà, tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, ẹni tí ó jáde láyé ní ọdún 386 Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 996. Ìwé náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń tọ ọ̀nà Imam Malik fi kọ́ àlùwàlá àti ìrun. Níbi tí ó ti ń ṣàlàyé yíyọ omi sí ẹnu nínú àlùwàlá, ó sọ pé bí ènìyàn bá fi ìka ọwọ́ rẹ̀ fọ eyín, ohun tí ó dára ni. Ìka ọwọ́ kì í ṣe igi. Bí ìmọ́tótó ẹnu kò bá jẹ́ òpómúléró ọ̀rọ̀ náà ni, kí ni ìka ń wá níbẹ̀? Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onímọ̀ wa ti fi hàn pé ohun tí ó bá mọ́, tí ó lè mú ìdọ̀tí kúrò láìpa ẹnu lára, lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ orín nù. Orín ni irinṣẹ́ tí Ànábì wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò, ẹni tí ó bá ń lò ó nítorí àtitẹ̀lé e ní èrè ìfẹ́ yẹn lọ́tọ̀. Ó dínwó, ó ń gbé inú àpò, kò bèèrè iná ìjọba tàbí ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹni tí ń fi orín ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí Ànábì fẹ́ràn ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó ṣọ́ra. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á má ṣe fi orín lu ẹni tí ó ń fi nǹkan mìíràn fọ ẹnu rẹ̀ mọ́.

KÍ NI BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ ONÍNÁ?

Búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní àtijọ́. Ní ọdún 1938 ni búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi okùn náílọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, Mùsùlùmí tí ó bá sá fún búrọ́ọ̀ṣì kí ó tó di ìgbà náà ní ìdí tirẹ̀. Lónìí, náílọ́ọ̀nù ni ó wà ní orí ọ̀pọ̀ jùlọ, ti ọwọ́ àti ti oníná. Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó ka ara páálí rẹ̀.

Ti oníná bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Switzerland ní ọdún 1954, nígbà tí dókítà kan tí ń jẹ́ Philippe-Guy Woog ṣe èyí tí wọ́n pè ní Broxodent. Ní ọdún 1960 ni wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ General Electric gbé èyí tí kò ní wáyà jáde, tí a máa ń kọ́kọ́ ki iná sínú rẹ̀ kí á tó lò ó. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn tí wọ́n fi ṣe Broxodent ni àwọn aláìsàn tí apá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àti àwọn tí dókítà fi wáyà tún eyín wọn tò. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe é fún. Aláìlera ni.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ lóde òní. Ọ̀kan ní orí kékeré roboto tí ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ní kíákíá. Èkejì ní orí gígùn bíi ti búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́, gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n, ó sì máa ń kùn bí oyin. Ní ọdún 2014, àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ àti yíyẹ̀ wọ́n wò, gbé àbájáde ìwádìí 56 jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó kópa nínú wọn lé ní 5,000 ènìyàn. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdọ̀tí tí ń lẹ̀ mọ́ eyín àwọn tí ń lo ti oníná fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ń lo ti ọwọ́, wíwú ẹran ìdí eyín sì fi ìdá 11 kéré. Àwọn kan náà tún sọ pé kò tíì hàn gbangba bí ìyàtọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì tó fún ìlera eyín nígbà tí ó bá pẹ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ẹ̀rọ náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tí ó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ tàbí orín fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa kò pàdánù nǹkan ńlá.

Ẹ̀RỌ ÀTI ÈRÈ

A wá dé ibi tí ìbéèrè wa wà. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, ta ni ó ń fọ eyín?

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn iṣẹ́ ẹ̀sìn mìíràn. Orí ràkúnmí àti ẹsẹ̀ ni àwọn aṣíwájú wa fi rin ìrìn-àjò lọ sí Mẹ́kà. Bàálù ni ó ń gbé wa lọ lónìí, a kò sì sọ pé bàálù ni ó ṣe Hájì. Ohùn Bilal kò gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá. Ti ládàánì wa ń gbà á, ládàánì ni ó sì pe ìrun. Ìdí ni pé àníyàn kì í ṣe ohun tí a lè gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tí ìrun tó. Ẹ̀rọ kì í dìde lóru. Orí tábìlì ni yóò wà títí ìwọ olúwarẹ̀ yóò fi rántí ẹ̀tọ́ ẹnu rẹ, tí o ó fi nawọ́ mú un. Níbi ìrántí yẹn àti ìnawọ́ yẹn ni èrè wà, yálà orín ni ọwọ́ bà tàbí ẹ̀rọ.

Àwọn kan yóò sọ pé èrè pọ̀ níbi tí wàhálà bá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá gba wàhálà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò rán wa ní kí á máa wá wàhálà kiri. Hádíìsì tí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà fi hàn gbangba pé nítorí kí ìnira má ba ìjọ rẹ̀ ni Ànábì kò ṣe sọ orín di ọ̀ranyàn. Báwo ni a ó ṣe wá mú ohun tí ó fi àánú dá sí, kí á fi í ni ẹlòmíràn lára?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ilé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè di orín mú mọ́, ti òsì kò sì mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ìyá yìí kì í pa àsàlátù jẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìborùn bo imú bí òun bá jókòó tì wọ́n, kò lọ mọ́. Ó ní ara òun kò yá. Àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó wà ní London, gbọ́, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì oníná ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà nílé, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀sìn gidigidi, kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú páálí. Ó ní ìyá òun kò ní fi bídíà parí ayé rẹ̀. Orín tuntun ni ó ń rà fún ìyá náà lójoojúmọ́, orín náà a sì máa gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà àdúgbò, wọn kò bá a jiyàn lórí bídíà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: “Ṣé màmá fọ ẹnu lónìí?” Kò lè fèsì. Ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ràn Sunna, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ Sunna ni ó dì mú, Sunna gan-an kò sí ní ẹnu ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n kọ́ ìyá náà bí yóò ṣe fi ọwọ́ òsì di ẹ̀rọ náà mú. Ó ti padà sí àsàlátù. Lílo ọwọ́ ọ̀tún ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́hun bá gba agbára ọ̀tún rẹ̀, òsì rẹ̀ kò ní ẹ̀gàn.

YÍYÀN RẸ̀

Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn fún ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀dọ́ kan lè wà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá, tí yóò lọ ra búrọ́ọ̀ṣì olówó gọbọi tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i, nígbà tí owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ìnákúnàá àti ṣekárími ni ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Eyín rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ kò mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra á, kí ó ronú lórí nǹkan wọ̀nyí.

Ìkíní, ta ni ó nílò rẹ̀? Arúgbó tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, ẹni tí àrùn bá lápá, ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìlera, ẹni tí ó wọ wáyà sí eyín, ọmọdé tí kì í fọ eyín rẹ̀ dáadáa: ti àwọn wọ̀nyí ni kí á kọ́kọ́ gbọ́.

Èkejì, iye rẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jùlọ, tí ó kàn ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, tí ó sì ń fi àmì hàn bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ jù, ti tó. Fóònù kò ní í bá ẹnikẹ́ni fọ eyín.

Ẹ̀kẹta, orí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń pààrọ̀ orí búrọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí okùn rẹ̀ bá ti tú. Kí á tó ra ẹ̀rọ, kí á wádìí bóyá orí rẹ̀ wà ní ọjà àdúgbò wa, àti iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó wà nínú dúrọ́ọ̀ lónìí tí kò bàjẹ́, orí ni kò sí.

Ẹ̀kẹrin, iná. Agbára iná tiwa jẹ́ fóòtì 230. Ti Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 120 lọ. Kí á wo ara ohun tí a fi ń ki iná sí i: bí wọ́n bá kọ 100-240 sí i, kò séwu, bí 110 tàbí 120 nìkan bá ni, yóò jóná níhìn-ín. Èyí tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá agbára iná wa mu, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, kò ní wọ ihò oníhò mẹ́ta láìsí aláfikún. Níbi tí iná kò bá ti dúró, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí èyí tí ń lo bátìrì kéékèèké tí a lè rà ní ìsọ̀, ni ó bá wa mu.

LÍLÒ RẸ̀

Ẹni tí ó bá ti rà á, kí ó mọ̀ ọ́n lò, nítorí pé ohun tí ó ń mú kí ẹ̀rọ yìí jẹ́ àsán fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n ń fi ọwọ́ lò ó láìfi ọkàn sí i. Kí á dárúkọ Ọlọ́hun, kí á bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Kí á fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sí i, èyí tí fluoride wà nínú rẹ̀, nítorí òun ni ó ń mú eyín le. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ọṣẹ náà má ju ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan lọ. Inú ẹnu ni kí orí búrọ́ọ̀ṣì wà kí á tó tàn án, kí ọṣẹ má baà ta sí wa lára.

Kí á má ṣe fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n, tiwa ni pé kí á máa gbé e láti orí eyín kan sí èkejì jẹ́jẹ́, kí á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ibi tí eyín àti ẹran ìdí rẹ̀ ti pàdé, kí á má sì tẹ̀ ẹ́ jù. Kí á pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin: ọ̀tún òkè, òsì òkè, ọ̀tún ìsàlẹ̀, òsì ìsàlẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ojú òde, ojú inú, àti orí eyín ni kí á dé. Bí ẹran ìdí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí á má tìtorí rẹ̀ dáwọ́ fífọ̀ dúró, nítorí àìfọ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Bí kò bá dá, kí á lọ rí dókítà eyín.

Ilé kan lè ra ẹ̀rọ kan, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kì í ṣe ti àjọlò. Kí oníkálukú ní orí tirẹ̀ pẹ̀lú àmì, ìbáà ṣe tọkọtaya. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò rí lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú láti ẹnu kan sí èkejì. Lẹ́yìn lílò, kí á fi omi ṣàn án, kí á gbé e nàró kí ó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa Mùsùlùmí ní pàtàkì. Àwọn dókítà eyín ní kí á tutọ́ lẹ́yìn tí a bá fi ọṣẹ fọ eyín, kí á má sì yọ omi sí ẹnu lẹ́sẹ̀ kan náà, kí fluoride lè pẹ́ lára eyín. Àwa ẹ̀wẹ̀, a máa ń yọ omi sí ẹnu nínú àlùwàlá. Báwo ni a ó ti ṣe é? Ó rọrùn. Kí á fi ti alẹ́ sí ẹ̀yìn ìrun alẹ́, nígbà tí a bá fẹ́ sùn, tí a kò sì ní jẹ ohunkóhun mọ́. Ìyẹn ni ó ṣe pàtàkì jùlọ. Ti òwúrọ̀, kí á fi orín ṣe ti àlùwàlá ìrun Àsùbáà, kí á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Ní ìrun Àílà, Àlááṣà àti Màgàríbà, orín inú àpò ti tó. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì tí a ń tìtorí wọn jà lè gbé pọ̀ nínú ilé kan? Ẹ̀rọ kò lè bá wa dé gbogbo ìrun. Orín lè bá wa débẹ̀.

Nínú ààwẹ̀, Risalat fi yé wa pé kò sí láìfí nínú kí aláààwẹ̀ run orín ní gbogbo ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín ní adùn, ó sì lè wọ ọ̀fun. Kí á fi ọṣẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ní alẹ́. Ní ọ̀sán, kí á lo orín gbígbẹ.

ÌDỌ̀TÍ TÍ BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ KÒ LÈ DÉ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìdọ̀tí kan ṣì wà ní ẹnu tí kò sí orín tàbí ẹ̀rọ tí ó lè yọ ọ́. Kùránì fi ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn wé ẹni tí ń jẹ ẹran òkú arákùnrin rẹ̀. Àwọn tí ó pe ọmọ ìyá wọn ní oníbídíà nítorí búrọ́ọ̀ṣì, àti àwọn tí ó pe ọmọ ìyá wọn ní ará oko nítorí orín, ẹnu tí wọ́n ní àwọn ń fọ̀ ni wọ́n fi bú ara wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, bí ohun tuntun kan bá tún dé, tí ẹ kò mọ̀ bóyá kí ẹ gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ tí ó wà ní ọrùn yín, kí ẹ wò ó bóyá ohun náà yóò ràn yín lọ́wọ́ láti san án, bóyá ó mọ́, àti bóyá ẹ lè rà á láìjẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ ni. Ẹ lò ó, kí ẹ sì dúpẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó nílò rẹ̀, láìbú u.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí ẹnu wa mọ́ fún ìrántí Rẹ̀, kí Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa mọ́ fún ọmọnìkejì wa, kí Ó fún àwọn òbí wa tí ara wọn kò le ní ọmọ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, kí Ó sì jẹ́ kí á pàdé Rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tí ó mọ́ àti ọkàn tí ó mọ́. Àmín.